Òwú Pupa Lára Bàtà Ọlọ́pàá

Nínú gbogbo oníbàárà mi, kò sí ẹni tó mọ ìwà hù tó ọlọ́pàá kan tí mo sọ ní Ẹ-jọ̀ọ́-mà. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò kàn mí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ sọ, "ẹ jọ̀ọ́ mà" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ bàtà ni mò ń ṣe, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì jìnnà sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí náà mo mọ ẹsẹ̀ wọn ju ojú wọn lọ. Àwọn tó kù á ju bàtà sílẹ̀ níwájú mi bí ẹni ń ju egungun fún ajá. Òun á tẹrí ba, á sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé tirẹ̀ fún mi.

Ó gbé búùtù rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti yanu níwájú. Òwú dúdú ti tán lọ́wọ́ mi.

"Pupa ló kù o," mo sọ fún un. "Ṣé kí n fi rán an?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi rán an. Ta ló máa bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọlọ́pàá?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo rán an yípo imú bàtà náà, mo so kókó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí bàbá mi ṣe máa ń so ó. Tọkàntọkàn ni mo fi ṣe é.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí fọganáísà àdúgbò wa kú sínú àtìmọ́lé. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé kò ṣí fìlà nígbà tí ọlọ́pàá ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n gbá a létí, ó bi wọ́n pé kí lòun ṣe, ó di òkú lọ́jọ́ kejì. Gbogbo àdúgbò bá tú síta fún ìwọ́de. Àbúrò mi ọkùnrin, akunlé ni, òun ló fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọ pátákó tí wọ́n gbé síwájú: Ẹ BỌ̀WỌ̀ FÚN WA, KÍ ÀWA NÁÀ BỌ̀WỌ̀ FÚN YÍN. Mo ní kò gbọdọ̀ lọ.

"Àǹtí mi, kò sí èébú níbẹ̀," ó ní. "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò."

"Ọ̀rọ̀ búburú ń kọ́? Parí òwe ẹ!"

Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó lọ. Olórí kunkun ọmọ. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú, kò sì fìgbà kan gbọ́ tèmi rí.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n yìn tajútajú sí wọn. Mo ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi já wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí rẹ̀, pátákó náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá mẹ́rin wọlé tẹ̀lé e. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò ní ojú. Akoto wà lórí wọn, gíláàsì dúdú sì bo iwájú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Èmi àgbà obìnrin, mo kúnlẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, àbúrò mi ni, kò ju òkò." Ọ̀gá wọn fi kóńdó gbá mi lọ́wọ́ òsì. Mo gbọ́ bí egungun ṣe kán kí ìrora tó dé, mo sì ṣubú.

Wọ́n fa àbúrò mi lẹ́sẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi tó sá sí. Wọ́n fi kóńdó fọ́ eyín rẹ̀, wọ́n fi fọ́ eékún rẹ̀. Ó ń pe ìyá wa. Níbi tí mo wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Búùtù kan gbéra lókè àyà àbúrò mi, mo sì rí òwú pupa yípo imú rẹ̀, pẹ̀lú kókó bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

N kò mọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà sí mi lẹ́nu. Ohun tí mo máa ń bi gbogbo oníbàárà ni mo fi igbe bi í: "Ọmọ mi, ṣé bàtà yẹn kò ta ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́?"

Búùtù náà dúró lókè. Ó dúró tó kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí lò ń dúró wò?" ọ̀gá náà jágbe mọ́ ọn.

Búùtù náà balẹ̀. Ó tún gòkè, ó tún balẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, àbúrò mi kò pe ìyá wa mọ́.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ní gbogbo àwọn ló dé akoto, ta ló lè mọ ẹni tó pa á? Mo ní èmi mọ̀ ọ́n, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n rí bàtà wọn. Alága pàṣẹ pé kí gbogbo wọn gbé búùtù tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà wá lọ́jọ́ Ajé. Nọ́ńbà ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan wà nínú búùtù rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pààrọ̀ tirẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Ẹ-jọ̀ọ́-mà wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Kò wọ aṣọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n búùtù náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbi tí mo ti fọ ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ bá mi tú òwú pupa yìí, kí ẹ fi dúdú rán an."

"Aránbàtà pọ̀ nígboro."

"Bí ẹlòmíì bá tú u, ẹ ṣì máa dá ojú ihò abẹ́rẹ́ yín mọ̀. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ kó ti wá, mà. Ẹ dárí jì mí."

"Bọ́ ọ."

Ó bọ́ méjèèjì, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Mo yí ti ọ̀tún wò. Nǹkan dúdú ti gbẹ mọ́ ojú rírán náà.

"Ṣé o gbọ́ mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo gbọ́ yín, mà."

"O sì mọ̀ pé èmi ni?"

"Mo mọ̀." Ó wolẹ̀. "Ọ̀gá ń wò mí, mà."

Mo ti ń gbàdúrà pé kó purọ́, kó ní ariwo kò jẹ́ kóun gbọ́. Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé awọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi tí kò kán, ọrùn rẹ̀ sì wà níwájú mi. Mo fẹ́ kó kú. N kò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ ẹ gan-an. Ṣùgbọ́n bàtà ni mo gbé mọ́ àyà.

"Òwú dúdú ti tán," mo ní.

Ó gbójú sókè. Ìdì òwú dúdú mẹ́fà wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wọ́n ni.

"Mà, ẹ wo ẹ̀yìn yín."

"Ó ti tán, ọmọ mi."

Ó fò mọ́ mi, ó fún mi lọ́rùn, ó fi orí mi gbá pẹpẹ. "Ìyá yìí, mú bàtà yẹn wá! Ṣé o fẹ́ tẹ̀lé àbúrò ẹ ni?" Ó di ọwọ́ mi tó kán mú, ó lọ́ ọ. Mo ké, ṣùgbọ́n n kò jọ̀wọ́ bàtà. Káfíńtà tí a jọ pín ògiri ló kọ́kọ́ já wọlé pẹ̀lú hámà, àwọn ará àdúgbò tẹ̀lé e. Wọ́n gbé e ṣánlẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́, igi, òkúta. Eyín rẹ̀ kan fò wá bá ẹsẹ̀ mi. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá rẹ̀. Káfíńtà gbé hámà sókè lókè orí rẹ̀, ó dúró, ó ń wojú mi.

Gbogbo wọn ń wojú mi. Mo wá rí i pé èmi ni ọ̀gá lọ́jọ́ náà.

"Sọ hámà yẹn kalẹ̀."

"Àǹtí, ẹni tó pa àbúrò yín nìyí!"

"Mo ní kó o sọ ọ́ kalẹ̀. Oníbàárà mi ni."

Ó pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó wálẹ̀. Mo wá sálúbàtà ògbólógbòó kan, mo gbé e síwájú ẹni tó wà nílẹ̀ náà, nítorí ọ̀dà títì máa ń gbóná lọ́sàn-án. Búùtù rẹ̀ ṣì wà ní àyà mi.

"Ẹ máa lọ, sà," mo sọ fún un. "Ọjọ́ Ajé ni kí ẹ wá gbà á, níwájú ìgbìmọ̀."