Ẹlẹ́rìí Mẹ́ta fún Baba Fèrèsé

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti àwọn ilé ńláńlá tó wà láàárín olú-ìlú, Baba Fèrèsé ni kí ẹ bi. Ilé aṣòfin, ilé ẹjọ́ gíga, ilé ìṣọ́ tí aago rẹ̀ kì í bá ti ẹnikẹ́ni mu, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń so okùn mọ́dìí fọ gíláàsì wọn. Ìta wọn ló mọ̀ o. Inú wọn, bí ẹni ń wo ọbẹ̀ aládùúgbò ló ṣe ń wò ó.

Ọjọ́ tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ìfẹ̀yìntì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọ ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tí òun náà ti ń fọ gíláàsì rẹ̀ láti ìta tipẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa pa ìwé dé: ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ gbà kí aago mẹ́rin tó lù, a jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́ rí nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ aṣọ rẹ̀ fínnífínní, ó sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Ní àjà kẹrin, akọ̀wé kan, ọmọbìnrin tó mọ̀wé tó sì lẹ́kọ̀ọ́, ṣàlàyé pé òṣìṣẹ́ mẹ́ta nínú ilé náà gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lu ìwé náà pé àwọn mọ̀ ọ́n.

"Ta ló mọ̀ yín níbí, bàbá?"

Baba Fèrèsé na ọwọ́ yíká yàrá. Ó mọ ọkùnrin tó máa ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó mọ ìyá tó fi ọ̀sẹ̀ méjì sunkún nídìí tábìlì lọ́dún tí ìyá rẹ̀ kú. Akọ̀wé pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wò ó tìtì, wọ́n ní ẹ má bínú. Ọkùnrin olóorun bi í bóyá òun ló wá tún iná ṣe. Ó dun bàbá náà wọ egungun.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn gun òrùlé, níbi tó máa ń kó ẹrù iṣẹ́ rẹ̀ sí, ó wọ aṣọ iṣẹ́ lé èyí tí wọ́n lọ̀, ó so okùn, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ sí àjà kẹrin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ gíláàsì.

Olóorun ló kọ́kọ́ gbójú sókè, ó ní, "Baba wa nìyẹn." Ìyá yẹn dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan gíláàsì bó ti máa ń ṣe láti ọdún ọ̀fọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́, àwọn méje ti pé sídìí fèrèsé. Akọ̀wé bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n ní irú ìbéèrè wo nìyẹn. Àwọn mẹ́ta bu ọwọ́ lu ìwé, àwọn mẹ́rin tó kù sì ń bínú pé kò sí àyè mọ́.

Akọ̀wé lu òǹtẹ̀. Fèrèsé ilé náà kì í ṣí, nítorí náà ó gbé ìwé náà kọ́ ara gíláàsì. Baba Fèrèsé kọ́kọ́ nu ojú ibẹ̀ mọ́ kó tó ka orúkọ ara rẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú. Akọ̀wé juwọ́ sí i pé kó wọlé wá gbà á.

Ó mi orí, ó sì gbóhùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ nínú lọ́hùn-ún:

"Ìwọ ni kó o bá mi mú un sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi. Bí mo bá tún gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ ò ní mọ̀ mí mọ́."