Fóònù Ojú Fèrèsé

"Bàbá Malikah, ẹ má gbé fóònù yẹn kúrò lójú fèrèsé o."

Ohun tí ìyàwó mi sọ fún mi gbẹ̀yìn nìyẹn. Kì í ṣe ó dàbọ̀. Kì í ṣe ẹ bá mi ṣàdúà. Fóònù.

Fáìlì 611 nínú 1,904. Ó tún ti dúró. Láti ìrun Àílà ni mo ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yìí, wọ́n ti ń pe Àlàásárì báyìí, kò tíì gbé fáìlì kan ṣoṣo. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì burúkú. Ọ̀nà Ìfọ́n ni òpó rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni fèrèsé yìí kọjú sí, kò sí ibòmíràn nínú ilé tí fóònù ti lè rí i mú, fóònù yìí ló sì ń fún kọ̀ǹpútà ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ ni Ìlobù ń bá Ìfọ́n jà sí. Ṣé afẹ́fẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ ni?

Ọmọ Ìfọ́n ni Hàfúsátù. Èmi, Ìlobù. Sáìtì tó ṣe sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gàrí àwọn obìnrin ìlú méjèèjì ló ń bá wọn tà níbẹ̀. Orúkọ ará Ìfọ́n kan, orúkọ ará Ìlobù kan, bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ìjà le pàápàá, kò yọ orúkọ ẹnì kankan.

Ó ní sọ́fítíwíà rẹ̀ ti gbó, olè lè gbabẹ̀ wọlé. Ó ní òun máa fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ní fáìlì kọ̀ọ̀kan, torí íńtánẹ́ẹ̀tì wa kò lè gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó wá kọ ọ́ síwájú sáìtì: A ń tún ilé ṣe. Ẹ padà wá lọ́la.

Lọ́la. Oṣù márùn-ún rèé.

611.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo ní ká lọ sí ọsibítù. Ó ní kí òun kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ èyí ná. Ná! Inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi. Jàlálù àbúrò rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Òṣogbo, èmi dúró de Malikah kó ti iléèwé dé. Ọkọ̀ wọn kò tíì dé títì tí mo fi…

Mo kàn gbé e ni. Fóònù mi ni. Ṣé ọkùnrin ò lè fi fóònù ara rẹ̀ sápò ni? Mo kàn gbé e ni.

Mọ́ríátù wá kí mi lọ́jọ́ ogójì. Ará Ìfọ́n ni, gàrí rẹ̀ wà lórí sáìtì. Ó ní ilé tí Hàfúsátù ń tún ṣe yìí, ṣé káfíńtà rẹ̀ sá lọ ni? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó nu ojú. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ohun tí mò ń sọ fún gbogbo ayé nìyẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni…

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àbí?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sí Òṣogbo, Jàlálù pè mí láti ọsibítù. "Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bi yín, ṣé ó ti parí?" Mo wo kọ̀ǹpútà. 611. Fóònù wà létí mi. Mo ní ó ti parí. Mo gbọ́ tí Jàlálù ń sọ ọ́ fún un. N kò gbọ́ ohun tó fi dáhùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ.

Mò ń bú òpó. Mò ń bú Ìfọ́n. Bí fáìlì wọ̀nyí bá pé lónìí, ohun tí mo sọ fún un á… rárá. Kò lè di òótọ́ mọ́. Irọ́ mi ló gbọ́ kó tó kú. Èmi ni mo pa á fún un. Kì í ṣe òpó.

612.

N kò tíì sọ fún Jàlálù. N kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀ ní Ìfọ́n. N kò tíì sọ òótọ́ fún Mọ́ríátù. N kò tíì ká ìborùn Hàfúsátù kúrò lẹ́yìn àga tí mo jókòó sí yìí. N kò tíì kírun Àlàásárì. N kò tíì gbé fóònù kúrò lójú fèrèsé.