Haripada Kò Bẹ̀bẹ̀

Omi òkun ti wọ àgbàlá wa, bẹ́ẹ̀ ibi tí à ń gbé ní Bẹ́ńgàlì jìnnà sí òkun. Omi náà dúdú, kò rú, kò dún. Kànga wa nìkan ló yọrí. Haripada ọmọ mi dúró tì í, ó ń fa omi fún mi bó ti máa ń ṣe láràárọ̀ kí àwọn òyìnbó tó mú un.

Mo mọ̀ pé ó ti kú. Síbẹ̀, ìbáwí ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi.

"Haripada, wo egungun àyà rẹ. Ṣé o ò lè jẹun ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò jẹ oúnjẹ wọn."

Mo mọ̀ lóòótọ́. Ó ní kí òyìnbó fi ilẹ̀ wa sílẹ̀, wọ́n bá gbé e sọdá òkun lọ sẹ́wọ̀n ní erékùṣù. Wọ́n ní tó bá bẹ̀bẹ̀, kó máa bọ̀ wálé. Ó kọ̀, ó kọ oúnjẹ wọn pẹ̀lú, ibẹ̀ ló kú sí.

Àwọn àgbà abúlé wa ní ẹni tó bá sọdá omi dúdú, ìyẹn òkun, ti di aláìmọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ la ó ṣe orò ìkẹyìn rẹ̀ létí odò, ṣùgbọ́n àfi kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn baba rẹ̀. Mo sì ti gbà. Ìyá wo ló fẹ́ kí ọmọ òun máa rìn kiri láìríbi wọ̀?

Haripada gbé omi fún mi. Okùn èèpo àgbọn tí wọ́n ń fipá mú kó máa lọ́ lẹ́wọ̀n ti bó o lọ́wọ́.

"Ẹ tọ́ ọ wò."

Omi náà dùn, kò níyọ̀ rárá.

"Ìyá, òyìnbó ní kí n bẹ̀bẹ̀, mi ò bẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi bẹ̀bẹ̀."

"Àwọn àgbà ńkọ́?"

"Ẹ bá mi kí wọn."

Mo jí. Àgbàlá gbẹ táútáú. Mo sunkún díẹ̀, àmọ́ orí mi ń wú. Ọmọ tí gbogbo agbára òyìnbó kò lè tẹ̀ lórí ba, èmi tí mo bí i ni kí n wá tẹ orí rẹ̀ ba?

Mo bá àwọn àgbà létí odò, wọ́n ti tẹ́ ẹní ìkúnlẹ̀ dè mí.

"Ẹ ká ẹní yín," mo wí. "Ẹni tí kò ṣẹ̀ kì í tọrọ àforíjì."

Mo wọ inú odò. Mo pe orúkọ baba rẹ̀, mo pe ti baba-ńlá rẹ̀, mo wá pe Haripada tẹ̀ lé e, sókè, kí àwọn tó wà ní òdìkejì lè gbọ́.