Ìkòkò Mátírọ́ọ̀nù Gòkè

Ta ló ń gbé ìkòkò irin gun òkè? Mátírọ́ọ̀nù ni. Ẹ má rò pé nọ́ọ̀sì ni o. Alásè ilé ìwòsàn ni fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń pàṣẹ nínú kíṣìnnì ló mú káwọn dókítà gan-an máa pè é ní Mátírọ́ọ̀nù, tí Mátírọ́ọ̀nù tòótọ́ sì ń bínú. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fẹ́ fún un ní aago ara ògiri. Ó ní kí wọ́n gbé aago wọn, ìkòkò lòun ń fẹ́.

Ohun tó gbé e dé ìdí òkè lọ́jọ́ orí ẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ. Ọmọbìnrin náà ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó sì ti mú ọkùnrin wálé lẹ́ẹ̀mẹta. Ti àkọ́kọ́, ìyá ní ẹsẹ̀ ẹ̀ tóbi jù. Ti ìkejì, ó ní ó máa ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó parí àwàdà. Ẹ̀kẹta rè é, oníṣẹ́ iná mànàmáná tó ń gun òpó láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tí òpó kò tó o, tó tún ń gun òkè ní Sátidé. Oṣù mẹ́jọ ni Mátírọ́ọ̀nù fi ń sọ pé òun ṣì ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ wá sú ọmọ. Ó ní, “Màámi, ẹ bá wa gòkè. Ẹ lọ wò ó tẹ́rùn níbẹ̀. Tá a bá ti ń sọ̀kalẹ̀ ní Sọ́ńdè, ẹ sọ̀rọ̀: bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tẹ́ ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mà á fi í sílẹ̀. Àmọ́ mi ò ní mú ẹnikẹ́ni wálé fún yín mọ́ láyé.”

Ọ̀rọ̀ yìí já ìyá láyà. Kò fẹ́ kọ́mọ ẹ̀ máa dá gbé, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kóun alára máa dá jẹun. Ẹ̀rù ló ń bà á látọjọ́ yìí, kì í ṣe ẹsẹ̀ títóbi.

Láàárọ̀ Sátidé, nísàlẹ̀ òkè, ó tú àpò ọkùnrin náà wò. Kí ló rí? Ọ̀rá pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ: ìrẹsì tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì ti sá gbẹ, ọbẹ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná bí àtíkè, ẹyin tó ti di ìyẹ̀fun.

“Kí leléyìí?”

“Oúnjẹ orí òkè ni, mà. Ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ kà á dé ọ̀ọ́dúnrún, ẹ jẹun. Ó fúyẹ́, kò sí ìkòkò fífọ̀.”

“Oúnjẹ tí kò ní ìkòkò fífọ̀! Ṣé ewébẹ̀ lo pe ọmọ mi ni, tó o fẹ́ máa bomi rin ín?”

Láti ìgbà náà ló ti ń pè é ní Olómi-Gbígbóná. Bí wọ́n sì ṣe yíjú, ó kó gbogbo ọ̀rá náà sí búùtù mọ́tò, lábẹ́ sípíà táyà. Ó fi ọ̀dùnkún, kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti odidi adìẹ bíbọ̀ rọ́pò wọn. Kí la fẹ́ pe ìyẹn? Olè ni. Ìyá àgbà ń jí ọbẹ̀ gbígbẹ!

“Àpò yìí wúwo lónìí o,” ni Olómi-Gbígbóná wí nígbà tó gbé e kọ́ èjìká.

“Ọjọ́ orí ni,” ni ìyá dá a lóhùn.

Ìkòkò ní tiẹ̀, ẹ̀yìn ara ẹ̀ ló so ó mọ́. Ọkùnrin náà nawọ́ pé kóun bá a gbé e, ó gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù. “Má fọwọ́ kàn án. Ará ilé mi nìkan ló ń gbé ìkòkò mi.”

Àwọn márùn-ún ló gòkè: ìyá, ọmọ, Olómi-Gbígbóná, àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì, télọ̀ kan àti dẹ́rẹ́bà tó gbé wọn wá. Wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi rìn. Òógùn bò wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìdérí ìkòkò já bọ́ tó ń yí lọ sísàlẹ̀, tí dẹ́rẹ́bà ń sá tẹ̀lé e bí ẹni ń lé adìẹ.

Ìgbà tí wọ́n pàgọ́ tán ni Olómi-Gbígbóná tú àpò ẹ̀. Ó mú ọ̀dùnkún jáde. Ó tún mú òmíràn jáde. Ó wo ìyá. Ìyá ń wo àwọsánmà.

“Mà, oúnjẹ mi dà?”

“Ó ń sinmi nínú búùtù.”

Ọmọ fọwọ́ bojú. Olómi-Gbígbóná mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó dáa, mà. Sítóòfù rè é.”

Sítóòfù ọ̀hún kò ju àwokòtò lọ. Ìkòkò jókòó lé e lórí bí àgbàlagbà tó jókòó sórí àga ọmọdé. Atẹ́gùn ń fẹ́ iná, ebi ń pa wọ́n, gáàsì ń lọ. Wákàtí méjì kọjá kí Mátírọ́ọ̀nù tó bu oúnjẹ fún wọn, tó sì dúró tí wọn, ọwọ́ níbàdí.

Télọ̀ tọ́ ọ wò. “Hùn ún. Ẹ ṣé, mà. Ó gbóná.”

“Ó gbóná dáadáa,” ni dẹ́rẹ́bà wí.

“Ó dùn, Màámi,” lọmọ wí, kò gbójú sókè.

Olómi-Gbígbóná gbé ṣíbí sílẹ̀. “Mà, ẹ má bínú o. Oúnjẹ yìí tẹ́. Kò síyọ̀ nínú ẹ̀ rárá. Àfi bíi pé mò ń jẹ kàn-ìn-kàn-ìn.”

Yéè! Iyọ̀! Ní ilé ìwòsàn, iyọ̀ kì í wọ ìkòkò. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, alárùn kíndìnrín wà níbẹ̀; inú bébà kékeré niyọ̀ máa ń wà, nọ́ọ̀sì ló sì ń pín in fún ẹni tí dókítà bá gbà láyè. Nílé Mátírọ́ọ̀nù náà, orí tábìlì niyọ̀ ń gbé, kálukú ń bu tiẹ̀. Nígbà tó ń di ẹrù, ó rántí ṣíbí ìpọnbẹ̀ méjì, ó rántí aṣọ ìnuwọ́. Iyọ̀ ò tiẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. Gbogbo iyọ̀ tí wọ́n ní, inú ọ̀rá ọbẹ̀ gbígbẹ ló wà, lábẹ́ táyà.

Ọmọ já ọkùnrin náà léèékánná lápá. Télọ̀ ti ń wá ibi tó máa sá gbà.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú kíṣìnnì yẹn tí kò sí nínú ìwé dókítà kankan. Aláìsàn tó bá ń jẹun tó ń ní “ẹ ṣé, mà”, ẹ máa ṣọ́ ọ, ara ẹ̀ ò tíì yá. Ọjọ́ tó bá pariwo pé “ta ló se ìranù yìí?”, ẹ bá a palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, ó ń lọ sílé nìyẹn. Kò sóhun tó ń dùn mọ́ Mátírọ́ọ̀nù nínú bíi kí wọ́n bú ọbẹ̀ ẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì ìṣáájú, wọ́n jẹun aláìníyọ̀ nílé ẹ̀ láì bu iyọ̀ orí tábìlì, wọ́n ní ó dùn bí oyin. Irọ́ gbuu!

“Tún un sọ,” ni ìyá wí. “Kí ló ṣe oúnjẹ mi?”

“Ó tẹ́, mà.”

“Ọdún mẹ́rin rè é tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹnì kan ò bú ọbẹ̀ mi láti ìgbà náà.” Omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní èéfín ni. Iná gáàsì kì í rú èéfín.

Olómi-Gbígbóná ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó yọ ẹ̀pà oníyọ̀ tó ń jẹ bọ̀ lọ́nà. Ó fi òkúta fọ́ ọ nínú ọ̀rá ẹ̀, ó dà á sínú ìkòkò, ó rò ó pọ̀. Wọ́n tún jẹ ẹ́.

“Kò dùn tó bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Àmọ́ ó ṣeé jẹ báyìí.”

Mátírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Wọ́n ha ìkòkò.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, wọ́n tú àgọ́. Ọmọ ń retí ìdáhùn, ó kàn ń ká okùn tó ti ká tẹ́lẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù nu ìkòkò ẹ̀, ó so ìdérí mọ́ ọn, ó wò ó sùn-ùn. Ló bá fẹsẹ̀ tì í síwájú.

“Olómi-Gbígbóná, gbé ìkòkò.”

Okùn já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. “Màámi, ṣé bẹ́ẹ̀ ni lẹ̀ ń sọ yẹn?”

“Ṣé etí ẹ di ni? Mo ní kó gbé ìkòkò.”

Ọmọ kígbe, ó fò mọ́ ìyá ẹ̀ lọ́rùn. Olómi-Gbígbóná bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìkòkò, ẹ̀yìn ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

“Háà, mà! A ti jẹ oúnjẹ inú ẹ̀ tán. Kí ló tún wúwo báyìí?”

“Ọmọ mi ni,” ni ìyá wí. “Má jù ú sílẹ̀ o.”