Pákó Apá Òsì

Kápẹ́ńtà ilé ẹ̀kọ́ ni mí, ọdún mẹ́ta ni mo sì fi pariwo lórí pákó kan ṣoṣo. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wa ló wà, lápá òsì. Abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà. Bí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ níbẹ̀, kì í ta padà. Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n, wọn kì í débẹ̀. “Ó di ọdún tó ń bọ̀,” ni ọ̀gá àgbà máa ń wí, inú a sì bí mi.

Lánàá, inú gbọ̀ngàn yìí la ti gbá àṣekágbá ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó ku ìṣẹ́jú kan, ọ̀mì ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, balógun ẹgbẹ́ wa, rọra ń ti ọmọkùnrin ẹgbẹ́ àlejò tó mú bọ́ọ̀lù lọ sápá òsì. Ọmọ àlejò ta bọ́ọ̀lù mọ́ pákó mi, bọ́ọ̀lù sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó jẹun yó. Ọmọ wa gbé e, ó sáré, ó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Ife di tiwa.

Ọ̀gá àgbà wá bá mi tẹ̀ríntẹ̀rín. “Bàbá Kápẹ́ńtà, ẹ wá tún pákó yẹn ṣe lọ́la.”

Mo ní, “Ó di ọdún tó ń bọ̀, ọ̀gá.”