Ẹja Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Màmá

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí olùwádìí ẹja kan fẹ́ mú orúkọ Màmá kúrò lára ẹja, àdúrà ló kọ́kọ́ gbà kó tó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá yìí ló kọ́ ọ bí a ṣe ń pín ẹja sí ẹbí-ẹbí. Màmá, ìyàwó ọ̀gá, ló sì bọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tó fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí Màmá sùn nínú Olúwa, ọ̀gá fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀kan nínú àwọn ẹja òkun ilẹ̀ olóoru tí àwọn apẹja ń pè ní alágádágodo. Ẹ̀gún ẹ̀yìn wọn a dúró gbọnin bí ọ̀pá ìdábùú ilẹ̀kùn. Àfi téèyàn bá tẹ ẹ̀gún kékeré tó tẹ̀ lé e ni yóò tó wálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ẹja Màmá ni."

"Ṣé ó bímọ ni?"

"Ó dàgbà ni, sà."

Olùwádìí mú ọ̀gá lọ sídìí àpótí omi onígíláàsì. Ẹja kékeré alámì tóó-tòò-tóó, irú ti Màmá gan-an, ló rà láàyè lọ́wọ́ apẹja tó sì ń bọ́. Bó ti ń dàgbà, àwọn àmì náà ń so pọ̀, wọ́n di ilà. Ó ti wá di ẹja onílà tí ẹlòmíràn ti sọ lórúkọ kí wọ́n tó bí ọ̀gá. Òfin iṣẹ́ wọn sì ni pé orúkọ àkọ́kọ́ ló ń dúró.

"O ò lè ní sùúrù kí n kú ná?" ni ọ̀gá wí. "Àbí oúnjẹ tí Màmá fún ẹ ti dà nínú ẹ tán?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un dé egungun, àmọ́ kò yẹsẹ̀. "Kò dà, sà. Òun ló gbé mi dúró níbí. Màá kọ ìwé tí yóò mú orúkọ náà kúrò, Bàbá. Mi ò kàn fẹ́ kọ ọ́ lẹ́yìn yín ni."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ẹja náà. Ẹja sá wọ inú pàlàpálá òkúta, ó na ẹ̀gún rẹ̀ sókè, ó há ara rẹ̀ mọ́bẹ̀.

"Ádámù gbọ́n jù mí lọ," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ààyè ló rí kó tó sọ ọ́ lórúkọ. Òkú inú ìgò ni mo wò ní tèmi." Ó nu ojú. "Aṣọ àgbàwọ̀ kì í yẹni. Màmá ẹ ò sì wọ aṣọ ẹlòmíràn rí. Kọ ọ́."

Olùwádìí fa àga fún Bàbá, ó mú gègé. Nígbà tó kan orúkọ Màmá, ọ̀gá ló ń pè é fún un, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi kọ ọ́ tán.