Sípíkà Katakata Nínú Kọ̀ǹpútà Lyle

Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Kọ̀ǹpútà alágbèéká Lyle Tollefson ti ń kọrin fún wa tipẹ́ ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ń gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹ̀fọn inú ìgò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò tìtorí ẹ̀ há ẹnikẹ́ni lọ́fun.

Lyle ló ní kò tó. Ó ti gbọ́ pé ìgbìmọ̀ fẹ́ gba ìdí tábìlì orin lọ́wọ́ òun fún Brenda Moe, àti pé oúnjẹ ìkórè ni wọ́n máa fi dán òun wò. Ní abúlé wa ní Minnesota, níbi tí àgbàdo pọ̀ ju èèyàn lọ, kò sí oyè míì tí ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì lè jẹ.

Ó wọ àká lọ, ó tú sípíkà méjì lára katakata bàbá ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ìdí wọn wúwo bí ọmọ ọlọ. Ó yọ àwọn sípíkà wẹ́wẹ́ inú kọ̀ǹpútà, ó sọ wọ́n nù, ó fi lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ lẹ wáyà tuntun, ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì tẹ orin. Àwo ń mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Joyce ìyàwó rẹ̀ di etí.

Láàárọ̀ ọjọ́ oúnjẹ, ó gé ihò síbi tí èèyàn ń gbé ọwọ́ lé tó bá ń tẹ̀wé, ó gé wáyà kúrú, ó ti sípíkà bọ̀ ọ́, ó sì fi síkúrúù dè é pinpin. Kọ̀ǹpútà yọ ikùn bí ọ̀pọ̀lọ́.

"Tún tẹ̀ ẹ́ ká gbọ́," Joyce wí.

"Ohun tó kọrin lánàá, ṣé ó máa yadi lónìí ni?"

"Ṣé mo ní ó máa yadi? Mo ní ká gbọ́ ọ."

"Joyce, jọ̀ọ́, gbé àwo ọ̀dùnkún ẹ, ká máa lọ."

Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í bu oúnjẹ kí orin ọpẹ́ tó dún. A tò, a gbé àwo dání, ọ̀dùnkún ń tutù. Lyle tẹ bọ́tìnì. Iná tàn lójú kọ̀ǹpútà, ó sì kú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tàn, ó kú, bí ẹni tí wọ́n jí tó kọjú sógiri.

"Bóyá ó ti jẹun tiẹ̀ wá láti ilé," Gordon, ọ̀kan lára wa, wí láti ẹ̀yìn.

Màmá Ardis, alága ìgbìmọ̀, wo ikùn kọ̀ǹpútà náà títí. "Ó yàtọ̀," ni wọ́n wí.

Ẹ má rò pé ìyìn nìyẹn o. A kì í bú èèyàn lójú níbí. "Ó yàtọ̀" la fi ń sin ín láàyè.

Joyce sún mọ́ ọkọ rẹ̀ láti tù ú nínú. Ṣíbí irin tó fẹ́ fi bu oúnjẹ já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó fa ṣíbí. Kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e.

"Lyle! Ó mà fẹ́ bu oúnjẹ ṣáájú wa!" Joyce pariwo.

Etí Lyle pọ́n. Ìgbà yẹn ló yé e. Òòfà kékeré wà nínú ìdérí kọ̀ǹpútà; tí ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà bá ti mọ̀ pé òòfà yẹn wà nítòsí, á gbà pé wọ́n ti pa òun dé, á sùn. Òòfà ìdí sípíkà katakata ló wá jókòó tì í yìí.

"Ó rò pé mo ti pa òun dé ni," ó ń kùn.

"Ìwọ gan-an la ò tíì rí pa dé," Joyce wí.

Ó tú síkúrúù níbẹ̀, ó fa sípíkà jáde. Kọ̀ǹpútà jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà kúkúrú yẹn já pẹ́kẹ́. Ọ̀rọ̀ orin ń yí lójú rẹ̀, kò gbin. Sípíkà wẹ́wẹ́ tí ì bá fi kọ ọ́ ti wà ní ààtàn.

Brenda Moe bá fi ẹnu dá orin, gbogbo wa gbè é. A jẹ ọ̀dùnkún tútù.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Màmá Ardis di ọwọ́ Lyle mú. "Ọmọ mi, o ti ṣe gudugudu méje. Brenda á máa bá wa jókòó sídìí orin. Ìwọ bá wa máa wo ìkòkò kọfí."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Lyle lọ dúró ti ìkòkò náà bí ẹni tí wọ́n rọ̀ lóyè. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó dẹ etí sí i lára.

"Gordon, wá gbọ́. Ó ń kùn díẹ̀. Àtúnṣe kékeré ni..."

Gordon bu kọfí tiẹ̀ kíá, ó sì bu tèmi náà, kó má baà pẹ́ jù.